Ajá àgbà wa ò fẹ́ rí ọmọ ajá tuntun sójú: kí la lè ṣe?

Ìyá Dúdú

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin olólùfẹ́ ajá. Ajá wa, Dúdú, abo ni, ó ti pé ọmọ ọdún 9. Láti kékeré ló ti wà lọ́dọ̀ wa, òun nìkan ló sì ń jẹ̀gbádùn ilé. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá a gba ọmọ ajá kan, akọ, ọmọ ọ̀sẹ̀ 9, Tíńtín là ń pè é. Àtìgbà tó ti wọlé ni ojú Dúdú ti yí padà. Bí Tíńtín bá ti sún mọ́ ọn, á kọ́kọ́ gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á fi ahọ́n lá imú, á wá dúró gan-an láìmira, á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Lánàá ó ṣí eyín, ó sì gbẹ́nu sí i pà, ṣùgbọ́n eyín ò kàn án. Tíńtín han gooro, ó sá wọ abẹ́ àga. Kò pẹ́ tó fi tún jáde wá ń fa Dúdú létí.

Bàbá àwọn ọmọ ní ká máa na Dúdú bó bá ti kùn, kó lè mọ̀ pé kò dáa. Ọkàn mi ò gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ ṣe ọmọ yẹn léṣe, ó sì ń ṣe mí bíi kí n dá a padà síbi tí a ti gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti la irú ẹ̀ kọjá, ẹ bá mi dá sí i.

Sùúrù-lérè

Ẹ kú làálàá, mà. Ẹ má nà án. Ẹ bá wa bẹ bàbá wa nílé: kíkùn yẹn gan-an ló ń dáàbò bo Tíńtín. Ẹ wo bí ẹ ṣe tò ó lẹ́sẹẹsẹ fúnra yín. Ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lá imú, ó dúró gan-an, ó kùn, ó ṣí eyín, ó gbẹ́nu láìkan ara. Ìkìlọ̀ ni gbogbo ẹ̀, ọ̀kan ń le ju ọ̀kan lọ, kò sì sí ọ̀kankan tó fi pa ọmọ lára. Ẹnu ajá yá ju ọwọ́ wa lọ. Bó bá jẹ́ pé ó fẹ́ bù ú jẹ ni, kò ní tàsé.

Bí ẹ bá ń nà án torí pé ó kùn, ohun tó máa kọ́ ni pé kóun má kùn mọ́. Inú tó ń bí i ò ní torí ìyẹn lọ. Lọ́jọ́ kan á fo gbogbo ìkìlọ̀ yẹn dá, á gbé eyín wọlé, àwọn ará ilé á wá máa sọ pé "kò tiẹ̀ kùn rárá." Yàtọ̀ síyẹn, bó bá jẹ́ ìgbà tí Tíńtín wà nítòsí ni pàṣán máa ń bà á, Tíńtín ló máa ka ìyà náà sí lọ́rùn.

Bó bá kùn, ẹ má pariwo. Ẹ pe Tíńtín tàbí ẹ rọra gbé e kúrò, kí Dúdú rí i pé ìkìlọ̀ òun wọlé. Ajá tí wọ́n bá ń gbọ́ ohùn ẹ̀ kì í ní ìdí láti pariwo jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ Ọdẹ

Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí. Èmi ò rò pé ọ̀rọ̀ yìí le tó báyìí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àárín ajá ni wọ́n bí mi sí, a kì í yà wọ́n. Àgbà ajá ló ń kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́: bí ọmọ bá ṣe àṣejù, àgbà á gbẹ́nu sí i lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n á yanjú ẹ̀ láàárín ara wọn.

Atọ́jú-ẹran

Ilé ìtọ́jú ẹranko ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi kọ́ ni dókítà, ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ yìí kì í gbẹ́ lẹ́nu àwọn tó ń wá bá wa.

Ọmọ Ọdẹ, òótọ́ wà nínú ohun tó o sọ. Ọmọ ajá tó bá dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbà tó mọ ìwọ̀n ara ẹ̀ máa ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹnu ṣeré láìdun ẹnìkejì. Ṣùgbọ́n ìbáwí ní ààlà. Èyí tó dáa kì í pẹ́: á kùn, á gbẹ́nu, nígbà míì á tẹ ọmọ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Kò ní sí ojú ọgbẹ́, bí ọmọ bá sì ti dẹ̀gbẹ́, tó jọ̀wọ́ ara ẹ̀, àgbà á fi í sílẹ̀. Èyí tó yẹ ká bẹ̀rù ni kó máa lé ọmọ tó ti sá lọ, kó bù ú jẹ kí eyín wọlé, kó gbá a lọ́rùn mú kó máa jù ú sọ́tùn-ún sósì, tàbí kó dúró sójú kan kó máa wò ó láìṣẹ́jú. Ẹni tó bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí kó yà wọ́n lójú ẹsẹ̀, kó sì wá dókítà tó mọ̀ nípa ìwà ẹranko. Kí a má sì gbàgbé ìtóbi. Ajá ńlá lè pa ọmọ ajá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó gbá a lẹ́nu mú, kódà bí kò bá ní in lọ́kàn.

Ìyá Dúdú, ìbéèrè tèmi rèé: ìgbà wo ni dókítà yẹ Dúdú wò gbẹ̀yìn? Ajá ọdún 9 ti ń wọ àgbà, pàápàá bó bá jẹ́ irú tó tóbi. Oríkèé tó ń ro ó, eyín tó ti ń kẹ̀, etí tó ti ń di, ojú tó ti ń ṣú, èyíkéyìí nínú wọn lè sọ ajá jẹ́jẹ́ di oníbìínú. Ìrora tó ti pẹ́ lára kì í mú ajá han. Ohun tí ẹ máa rí ni pé kì í yára dìde mọ́ lẹ́yìn oorun, tàbí pé ó máa ń dúró rò ó kó tó gun àga tó ti ń fò gùn tẹ́lẹ̀, tàbí pé ojú kan ṣoṣo ló ń lá ṣáá lára. Ajá tí etí ẹ̀ ti di kò sì ní gbọ́ nígbà tí ọmọ bá ń bọ̀ lẹ́yìn. Ohun tó máa kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ẹnì kan ti gùn ún.

Ẹ tún béèrè nípa àjẹsára àwọn méjèèjì. Ti ọmọ ajá máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, wọ́n á sì máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 síra títí tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ 16 ó kéré tán, torí pé ààbò tó gbà láti ara ìyá ẹ̀ lè má jẹ́ kí èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gún ríṣẹ́ ṣe. Oògùn aràn náà kò gbọ́dọ̀ gbẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ajá ló ti gba aràn láti inú ìyá wọn kí wọ́n tó bí wọn, wọ́n sì lè kó o ran ajá ilé.

Ọmọ Ọdẹ

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Àgbàlá tiwa fẹ̀, ajá tí kò bá fẹ́ wàhálà á dìde, á lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Bó bá jẹ́ inú ilé híhá ni wọ́n jọ wà, tí àgbà ò ríbi sá sí, mo gbà pé ọ̀rọ̀ yàtọ̀.

Aláàánú

Ibi sísá yẹn gan-an ni kókó! Ìyá Dúdú, ẹ má tíì dá ọmọ padà. Ọ̀sẹ̀ kan kéré. Ajá kan á gba tuntun láàárín ọjọ́ díẹ̀, òmíràn á lò tó oṣù mélòó kan, ẹ sì rántí pé ọdún 9 ni Dúdú fi dá ilé ní. Ohun tó jẹ mí lógún jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ká má fipá mú àgbà fẹ́ràn ọmọ. Iṣẹ́ tiwa ni ká rí i pé ayé Dúdú ò bàjẹ́ torí pé Tíńtín dé. Bí ìyẹn bá ti wà nílẹ̀, ìyókù rọrùn.

Ẹ wá yàrá tàbí igun kan tí Tíńtín ò lè dé, ẹ tẹ́ ibùsùn Dúdú síbẹ̀, ẹ gbé omi ẹ̀ síbẹ̀. Géètì kékeré tí wọ́n fi ń dí ọ̀nà fún ọmọ tó ń rákò dára gan-an, torí wọ́n á máa rí ara wọn, wọ́n á máa gbóòórùn ara wọn, síbẹ̀ ẹnì kan ò ní lè gun ẹnìkejì. Bí Dúdú bá ti wọ ibẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lọ dà á láàmú, títí kan àwọn ọmọ ilé. Kó dìde lọ fúnra ẹ̀ yìí ni ẹ̀kọ́ tó dáa jù tó lè kọ́, torí kò ní nílò ẹnu ẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí Tíńtín máa sùn. Ọmọ ajá ọ̀sẹ̀ 9 lè sun wákàtí 18 sí 20 nínú wákàtí 24. Bó bá ti rẹ̀ ẹ́ jù, kì í lọ dùbúlẹ̀ fúnra ẹ̀. Ṣe ló máa ń sáré kiri ilé, tí á máa bu gbogbo ohun tó bá rí jẹ. Ìgbà yẹn gan-an ló máa ń lọ bá àgbà. Eyín ọmọ ajá, 28 ni, gbogbo ẹ̀ sì mú bí abẹ́rẹ́, nítorí náà ẹ má dá Dúdú lẹ́bi pé kò fẹ́ ẹ létí. Ẹ ní ilé kékeré tàbí ọgbà tí wọ́n ń tò pọ̀ tí ẹ máa fi Tíńtín sí, kó sùn níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́. Àsìkò tó bá ń sùn, Dúdú ló ni yín: ẹ mú un jáde, ẹ ya irun ẹ̀, ẹ bá a ṣe ohun tí ẹ ti máa ń bá a ṣe tẹ́lẹ̀, ní wákàtí tí ẹ ti máa ń ṣe é.

Oúnjẹ: kí ilẹ̀kùn tàbí géètì wà láàárín wọn bí wọ́n bá ń jẹun, kí ẹ sì kó abọ́ nílẹ̀ bí wọ́n bá ti jẹ tán. Eegun àti ohunkóhun tó máa ń pẹ́ lẹ́nu, ẹ má fún wọn níbi tí wọ́n bá jọ wà. Ìjà tún máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí àlejò bá kanlẹ̀kùn, àti lẹ́sẹ̀ ẹni tí àwọn méjèèjì bá jọ fẹ́ràn.

Ẹ wá gbìyànjú eléyìí. Ẹ gé ẹran tí Dúdú fẹ́ràn jù sí wẹ́wẹ́, kó má tóbi ju èékánná ọmọdé lọ. Ẹ jókòó pẹ̀lú ẹ̀ lápá ibí géètì, kó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ara ẹ̀ á fi balẹ̀. Kí ẹlòmíràn gbé Tíńtín yọ lọ́hùn-ún. Bí Dúdú bá ti rí i, ẹ fún un lẹ́ran, ẹ tún fún un, ẹ tún fún un. Tíńtín wọlé padà, ẹran tán. Ẹ má retí pé kó jókòó tàbí kó ṣe nǹkan kan kó tó gbà á. Ó ti lé ní 100 ọdún tí onímọ̀ ará Rọ́ṣíà nì, Ivan Pavlov, ti fi hàn pé ohun tó bá ń ṣáájú oúnjẹ ni ajá máa ń dá itọ́ sí, nítorí náà Tíńtín ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ kí ẹran tó jáde. Bí ẹ bá kọ́kọ́ mú ẹran jáde, ẹran lásán ló máa mọ̀. Bó bá yá, ẹ máa rí i pé Dúdú á tajú kán rí Tíńtín, á sì yí ojú sọ́dọ̀ yín wàrà pẹ̀lú ìrù tó rọ̀. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ sún mọ́ géètì sí i.

Ìyá Dúdú

Ẹ ò ní ṣòfò, gbogbo yín. A ti lọ rí dókítà. Ó mú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Dúdú ní apá ọ̀tún, ó rọra nà án sẹ́yìn. Dúdú ò han, kò kùn, ṣùgbọ́n ó yíjú padà wo ọwọ́ dókítà, ó sì gbé ìwúwo ara ẹ̀ kúrò lórí ẹsẹ̀ náà. Wọ́n ya fọ́tò eegun ẹ̀, oríkèé ìbàdí ló ti ń jẹ. Ojú ibẹ̀ gan-an ni Tíńtín máa ń fò mọ́ bó bá fẹ́ ṣeré! Wọ́n fún un ní oògùn, dókítà sì kìlọ̀ pé ká má ṣe fún un ní oògùn ara ríro tèèyàn láé, pé irú ibuprofen lè dá egbò sí ajá nínú, kó sì ba kíndìnrín ẹ̀ jẹ́.

Bàbá àwọn ọmọ ló gbé fọ́tò yẹn sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó wò ó títí. Òun fúnra ẹ̀ ló gbé géètì síbi ọ̀nà yàrá. Ara Dúdú ti ń fúyẹ́. Ó ń jẹ ẹran lẹ́yìn géètì láìkùn. Báwo la ṣe máa wá jẹ́ kí wọ́n jọ wà láìsí géètì láàárín wọn?

Sùúrù-lérè

Inú mi dùn gan-an, mà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ jọ rìn. Èèyàn méjì, ajá kan lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n máa lọ síbì kan náà, kí àlàfo tó fẹ̀ wà láàárín wọn, kí wọ́n má kojú síra. Ajá méjì tó bá kojú síra gbọnrangandan, ìpèníjà ni wọ́n kà á sí. Bí wọ́n bá jọ ń lọ síwájú, ohun tó wà nílẹ̀ ni wọ́n á máa gbóòórùn. Bí ara àwọn méjèèjì bá ti dẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì máa sún mọ́ra díẹ̀díẹ̀. Kí okùn ọwọ́ yín rọ̀. Okùn tó bá le tantan máa ń jẹ́ kí ajá rò pé ewu wà níwájú. Ìrìn náà kò gbọ́dọ̀ pẹ́ torí ìbàdí Dúdú.

Inú àgbàlá yín ni kẹ́ ẹ ti ṣe é ní báyìí tí àjẹsára Tíńtín ò tíì pé. Kòkòrò àrùn parvo, àrùn ìgbẹ́ gbuuru tó máa ń pa ọmọ ajá, lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ẹ má gbé e sílẹ̀ níbi tí ajá tí ẹ ò mọ̀ ń gbà.

Lẹ́yìn ìrìn, kí wọ́n jọ wọlé. Ẹ fi okùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sílẹ̀ lọ́rùn Tíńtín kó máa wọ́ ọ nílẹ̀, kẹ́ ẹ lè fi fà á kúrò láìjẹ́ pé ẹ ń gbá a mú lókè orí Dúdú. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, kẹ́ ẹ sì parí ẹ̀ nígbà tí nǹkan ṣì ń lọ dáadáa. Gbogbo ìgbà tí Dúdú bá dìde lọ, ẹ má jẹ́ kí Tíńtín tẹ̀ lé e.

Ayọ̀ Ilé

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí tèmi náà. Abo méjì ni mo ní, ọ̀kan ọdún 5, ìkejì ń lọ sí ọdún kan. Nígbà tí èyí kékeré ṣì wà ní ọmọ oṣù 3, àgbà ń gba gbogbo ìwà ẹ̀. Báyìí wọ́n ti jà gan-an. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ọwọ́ bọ àárín wọn.

Atọ́jú-ẹran

Ẹ má ti ọwọ́ bọ àárín wọn o, ẹ má sì di ọrùn ẹnikẹ́ni mú. Ajá tó ń jà ò mọ ọwọ́ ẹni tó ń bu jẹ. Ẹ fi ìdérí ìkòkò méjì lura kó dún, ẹ da omi lù wọ́n, ẹ ti páálí ńlá tàbí àga sáàárín wọn, tàbí kẹ́ ẹ ju aṣọ ìbora bò wọ́n. Bí wọ́n bá ti tú ká, ilẹ̀kùn láàárín wọn fún gbogbo ọjọ́ náà. Ẹ fi ọwọ́ wá ara wọn, abẹ́ irun, ọrùn, ẹsẹ̀. Ojú eyín kékeré lè ṣẹ́ egbò jíjìn sábẹ́ awọ, ó sì máa ń kẹ̀, nítorí náà ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín wọ́pọ̀. Ọ̀pọ̀ àgbà ajá ló máa ń fojú fo ìwà ọmọ títí tó fi máa ń tó oṣù 4 tàbí 5, lẹ́yìn náà wọ́n á fẹ́ kó mọ̀wàá hù. Láàárín oṣù 6 sí ọdún kan ààbọ̀ ni kékeré ń bàlágà, tí òun náà ń dán agbára ẹ̀ wò. Ìjà láàárín abo méjì inú ilé kan sì máa ń le jù. Ẹ padà sí géètì àti jíjẹ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti òní. Ẹ kọ ohun tó wà nílẹ̀ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀: ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà, kí ló wà lẹ́nu ta. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ má fi ọjọ́ falẹ̀, ẹ wá ẹni tó mọ̀ nípa ìwà ajá kó wá wò wọ́n nílé.

Ìyá Dúdú

Ẹ kú ọ̀rọ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Lónìí, Dúdú na ọwọ́ iwájú méjèèjì sílẹ̀, ó gbé ìdí sókè sí Tíńtín. Gbogbo wa dákẹ́ lọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ń kùn síra, wọ́n ń gba ara wọn lẹ́nu, ẹ̀rù tún bà mí. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé eré ni? Ìgbà wo ni mo sì lè fi àwọn nìkan sílẹ̀ nílé?

Aláàánú

Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn, ìpè sí eré ni, mà! Ẹ wo ara wọn. Bí eré bá ni, ara á rọ̀, ẹnu á là sílẹ̀, wọ́n á máa gba ipò fún ara wọn: èyí á lé ìyẹn, ìyẹn á padà lé èyí. Àgbà tó tóbi lè tiẹ̀ dùbúlẹ̀ kí ọmọ lè tó o. Wọ́n á sì máa dáwọ́ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀. Kíkùn inú eré máa ń ga sókè, ó máa ń já. Ti ìbínú máa ń wà nísàlẹ̀, ara á sì le. Bí ọkàn yín bá ń ṣiyèméjì, ẹ rọra di Tíńtín mú díẹ̀. Bí Dúdú bá tún padà wá bá a, ó ń gbádùn ẹ̀. Bó bá fi àǹfààní yẹn rìn lọ, ó ti tó fún un nìyẹn.

Ti kíkúrò nílé, ẹ má tíì dán an wò rárá. Títí Tíńtín yóò fi pàrọ̀ eyín, tí yóò mọ ìtumọ̀ "fi sílẹ̀" àti "máa bọ̀", tí ẹ ó sì ti fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ wò wọ́n láìrí ìkìlọ̀ kankan, kí géètì wà ní títì nígbàkígbà tí ojú yín ò bá sí lára wọn, ì báà jẹ́ ẹ kàn fẹ́ lọ wẹ̀. Nígbà tí ẹ bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ kó gbogbo eegun àti nǹkan ìṣeré kúrò nílẹ̀, kẹ́ ẹ tó jáde fún ìṣẹ́jú mélòó kan.